ÀÌRÍ Ọ̀Ọ́KÁN: KÍ NI A LÈ ṢE SÍ I?

"Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí òkèèrè ńkọ́? Ẹni tí igi náà kò hàn sí títí ó fi dé iwájú imú rẹ̀, kí ni yóò ṣe? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ láàárín wa, lọ́mọdé àti lágbà. Ọ̀rọ̀ wọn ni a fẹ́ sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa ti ọjọ́ Sátidé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí a bá tẹ odù sórí ọpọ́n, tí a ní kí àwọn ọmọ sọ orúkọ rẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, kì í sì í ṣì í. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ nǹkan sára pátákó, kò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Á máa yọjú wo ìwé ọmọ tó jókòó tì í, á máa sọ̀rọ̀, á máa ṣeré. A bá a wí títí. A pè é ní ọ̀lẹ. Ìyá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń wí ní ilé ẹ̀kọ́ òyìnbó. Ó tó ọdún kan kí ẹnì kan nínú wa tó bi í pé, "Ṣé o tiẹ̀ rí ohun tó wà lára pátákó yẹn?" Ó ní, "Mo rí i pé pátákó náà funfun."

Ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò rí ọ̀ọ́kán ni. Àwa olùkọ́ rẹ̀ la jẹ̀bi, nítorí pé ohun tó yẹ kó là wá lójú wà níwájú wa: ọmọ tó ń rí ojú ọpọ́n kedere, tí kò sì rí ara pátákó, ìṣòro ojú kan pàtó ló ń bá a jà, ìṣòro náà sì ní àtúnṣe. A kọ ẹ̀kọ́ yìí kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ wa, ìbáà ṣe nínú ilé yín.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ OJÚ?

Ẹyinjú dà bíi bọ́ọ̀lù kékeré kan. Níwájú rẹ̀ ni awọ kan wà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, kọ́níà ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọlójú wà, ihò dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ọmọlójú ni lẹ́ǹsì wà. Kọ́níà àti lẹ́ǹsì yìí ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ sí ojú kan. Ní ẹ̀yìn ojú pátápátá ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ń gba àwòrán, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Rẹ́tínà ni orúkọ rẹ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá pàdé gẹ́lẹ́ lórí rẹ́tínà, a ó ríran kedere. Ojú ọmọ tuntun gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 17 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ti àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bíi 24. Ṣùgbọ́n ojú ẹlòmíì kì í dúró níbi tó yẹ kó dúró, ńṣe ló máa ń gùn sí i. Bó bá ti gùn jù, ìmọ́lẹ̀ tó ti òkèèrè wá á ti pàdé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ́tínà, àwòrán á sì di bàìbàì. Èyí ni àìrí ọ̀ọ́kán, tí àwọn dókítà ń pè ní máyópíà. Mìlímítà kan péré tí ojú fi gùn jù ti tó láti ba ìríran òkèèrè jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ti tòsí wá kì í tètè pàdé bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọmọ wa fi ń rí ojú ọpọ́n.

Ẹ fi kókó kan sọ́kàn, nítorí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé e lórí: ojú tó bá ti gùn kì í padà kúrú mọ́. Kò sí awò, kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá gígùn rẹ̀ padà. Ohun méjì péré ni ìtọ́jú lè ṣe. Èkíní, ó lè darí ìmọ́lẹ̀ kó lè bá rẹ́tínà níbi tó wà. Èkejì, ó lè dín bí ojú ọmọdé ṣe ń gùn kù. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, kò ní rọrùn láti tàn án jẹ.

BÁWO LA Ó ṢE MỌ̀ PÉ ỌMỌ KÒ RÍ Ọ̀Ọ́KÁN?

Ọmọdé kì í sábà sọ fúnni pé òun ò ríran. Kò mọ̀ pé bí àwọn yòókù ṣe ń ríran yàtọ̀ sí tòun. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ máa kíyè sí àwọn àmì wọ̀nyí:

1. Ó máa ń fún ojú pọ̀ bó bá ń wo ohun tó jìnnà.
2. Ó máa ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n jù, tàbí kó gbé ìwé sún mọ́ imú.
3. Kì í rí nọ́ńbà ọkọ̀ bọ́ọ̀sì títí bọ́ọ̀sì náà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
4. Kì í kí ènìyàn láti òdìkejì títì, wọ́n á wá ní ó ń gbéra ga tàbí pé kò ní ẹ̀kọ́ ilé.
5. Orí máa ń fọ́ ọ, tàbí kó máa nu ojú ṣáá.

Ìṣòro yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 6 sí 14, nígbà tí ara ń dàgbà. Ó máa ń rìn nínú ìdílé: bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, ọmọ lè ní i, bí àwọn méjèèjì bá sì ní i, ó tún ṣeé ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tí ń pẹ́ nídìí ìwé tàbí fóònù, tí wọn kì í sì í jáde síta, ló máa ń mú jù. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe àfọwọ́fà ayé. Kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ojú gùn ni.

NỌ́ŃBÀ INÚ ÌWÉ OJÚ

Bí wọ́n bá yẹ ojú yín wò tán, wọ́n á fún yín ní ìwé kan. Bí àmì àyọkúrò (−) bá wà níwájú nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, àìrí ọ̀ọ́kán nìyẹn. Dioptre ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ó rọrùn láti yé: ẹ pín mítà kan sí iye nọ́ńbà náà, ibẹ̀ ni ìríran tó mọ́ kedere máa ń parí sí bí kò bá sí awò. Ẹni tó ní −1.00 ń rí kedere dé mítà 1. Ẹni tó ní −2.00 ń rí dé ìdajì mítà. Ẹni tó ní −4.00 kò rí kọjá sẹ̀ǹtímítà 25, kò ju kí ènìyàn gbé ìwé sọ́wọ́ kó fà á mọ́ra lọ. Bí nọ́ńbà bá ti tó −6.00 tàbí jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ti le. Irú ojú bẹ́ẹ̀ gba ìṣọ́ra ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

AWÒ OJÚ

Awò ojú ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, òun náà ni kò léwu jù lọ. Gíláàsì rẹ̀ tín-ín-rín láàárín, ó nípọn létí. Ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká díẹ̀ kó tó wọ ojú, kó má bàa tètè pàdé. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ti wọ̀ ọ́ náà ló máa ríran.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kan wà láàárín wa tí a gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ òbí ń sọ pé: "Má fi awò sójú ọmọ mi o! Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ á máa bàjẹ́ sí i." Òótọ́ ni pé nọ́ńbà ọmọ máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ awò. Àmọ́ awò kọ́ ló fà á. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń gùn, ọdọọdún la sì ń ra bàtà tuntun fún un. Ṣé bàtà ló mú ẹsẹ̀ gùn ni? Ojú ń dàgbà pẹ̀lú ara ni.

Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fún ọmọ ní awò tí agbára rẹ̀ dín, kí ojú má bàa "ya ọ̀lẹ." Àwọn onímọ̀ dán ìyẹn wò ní Málásíà. Wọ́n pín ọmọ 94 sí ọ̀nà méjì: wọ́n fún àwọn kan ní awò tó pé, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó dín. Ní 2002 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: ojú àwọn tí awò wọn dín ló yára bàjẹ́ jù. Nítorí náà, awò tó pé ni kí ẹ gbà fún ọmọ yín, kí ẹ sì jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, àti fún ọmọ ọdún 16 sí 18 tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọjọ́. NHS ló ń san án. Wọ́n tún ń fún wọn ní ìwé owó tí wọ́n lè fi ra awò. Kò sí ìdí kankan tí owó fi yẹ kó dí ọmọ lọ́wọ́ láti ríran. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wa ọkọ̀, òfin ní kí ẹ lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti mítà 20. Ẹni tó nílò awò kó tó lè kà á gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ nígbà gbogbo tó bá ń wa ọkọ̀.

KỌ́ŃTÁÀTÌ LẸ́ǸSÌ

Èyí ni lẹ́ǹsì kékeré, rírọ̀ tàbí líle, tí a ń fi lé orí ẹyinjú gan-an. Ó dára fún àwọn tí ń sáré tàbí tí ń gbá bọ́ọ̀lù, àti àwọn tí nọ́ńbà wọn pọ̀ débi pé gíláàsì wọn nípọn jù. Ọmọdé tó gbọ́n nínú ìmọ́tótó náà lè lò ó. Ṣùgbọ́n ẹyinjú kì í ṣe ibi ìṣeré, ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ pa òfin rẹ̀ mọ́:

1. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì nù ún gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.
2. Ẹ má ṣe fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ láéláé, ẹ má sì fi itọ́ ẹnu rin ín. Oògùn tí wọ́n ṣe fún un nìkan ni kí ẹ lò.
3. Ẹ má ṣe sùn pẹ̀lú rẹ̀ àyàfi bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní kí ẹ máa fi sùn.
4. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni.
5. Bí ojú bá pọ́n, tó ń dun yín, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń gún un, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Kí ló dé tí omi fi burú tó bẹ́ẹ̀? Kòkòrò tíntìntín kan ń gbé inú omi, ìbáà ṣe omi ẹ̀rọ, omi odò tàbí omi ìlúwẹ̀ẹ́. Acanthamoeba lorúkọ rẹ̀. Bó bá há sábẹ́ lẹ́ǹsì, ó lè jẹ kọ́níà títí ojú á fi fọ́, ìtọ́jú rẹ̀ sì máa ń gba oṣù púpọ̀. Nítorí náà a ń bẹ ẹ̀yin ọmọ awo: bí ọjọ́ ìwẹ̀ bá kò, tàbí tí ẹ bá ń lọ sí odò, ẹ yọ kọ́ńtáàtì yín kí ẹ tó kúrò nílé. Awò ojú ni kí ẹ wọ̀ lọ. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yín níbẹ̀ pé ẹ kì í rí ọ̀ọ́kán, kó lè dì yín lọ́wọ́ mú bí ẹ bá bọ́ awò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

DÍDÍN BÍ OJÚ ỌMỌDÉ ṢE Ń GÙN KÙ

Títí di nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, bí ojú ọmọ bá ń bàjẹ́ lọ́dọọdún, a kàn ń pààrọ̀ awò ni. Lónìí a ti mọ̀ pé a lè dín eré rẹ̀ kù. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà.

Èkíní ni ìta. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì léwu. Ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 eré ìta kún ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà, wọ́n sì fi wọ́n wé ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà mìíràn tí kò ní irú rẹ̀. Ní 2015 ni àbájáde jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí ọmọ 30 nínú 100 ló ti ní àìrí ọ̀ọ́kán lára àwọn tó ń jáde. Lára àwọn yòókù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 nínú 100. Taiwan ti ń rọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti 2010 pé kí ọmọ máa wà níta fún wákàtí méjì lóòjọ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ má sì sọ pé oòrùn ò sí ní Lọ́ńdọ̀nù: ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú pàápàá, ìmọ́lẹ̀ ìta pọ̀ ju ti inú yàrá lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹ wọ kóòtù fún ọmọ, kí ẹ jẹ́ kó jáde. Ìta wúlò jù kí ìṣòro náà tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó dára kó máa jáde, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó.

Èkejì ni awò àti kọ́ńtáàtì tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọdé. Àárín wọn ń jẹ́ kí ọmọ ríran, etí wọn sì ń darí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà tí ojú á fi gbọ́ pé kó má gùn mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fọwọ́ sí irú kọ́ńtáàtì bẹ́ẹ̀ ní 2019 fún ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín ọdún 8 sí 12. Nínú ìwádìí, èyí tó dára nínú wọn ń dín eré ojú náà kù tó nǹkan bí ìdajì. Wọ́n wọ́n ju awò lásán lọ, ẹ béèrè owó rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni oògùn àkánsójú tí ń jẹ́ atropine, ìwọ̀nba kékeré, lálaalẹ́. Àwọn dókítà ní Singapore àti Hong Kong ló ṣe iṣẹ́ jù lórí rẹ̀. Ní Hong Kong, ìwọ̀n 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún ṣiṣẹ́ ju 0.01 lọ. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 kò rí àǹfààní kankan nínú 0.01. Nítorí náà kì í ṣe oògùn tí a ń dá rà. Dókítà ojú ló gbọ́dọ̀ yan ìwọ̀n rẹ̀, kó sì máa ṣọ́ ọmọ náà.

Ẹ̀kẹrin ni lẹ́ǹsì líle tí ọmọ máa ń fi sùn. Ó ń tẹ kọ́níà pẹlẹbẹ díẹ̀ ní òru, ọmọ á sì ríran ní ọ̀sán láìwọ ohunkóhun. Bó bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ojú á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nítorí pé òru ni wọ́n ń lò ó, ewu kòkòrò àrùn pọ̀ nínú rẹ̀, ìmọ́tótó rẹ̀ kò gba àṣìṣe.

IṢẸ́ ABẸ LÉSÀ

Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń béèrè jù. Ìtàn rẹ̀ gùn. Ní 1949, José Barraquer ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí èèyàn ṣe lè gbẹ́ kọ́níà kó lè yí ìmọ́lẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà, láti àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ní Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà ń fi ọ̀bẹ ya ìlà sára kọ́níà bí ìtànṣán oòrùn. Ọ̀pọ̀ ló ríran. Ṣùgbọ́n ìwádìí ọlọ́dún mẹ́wàá kan tó jáde ní 1994 fi hàn pé ojú 43 nínú 100 ló ti yí sí òdìkejì ní dioptre kan tàbí jù bẹ́ẹ̀: òkèèrè ni wọ́n ń rí jù báyìí, ìtòsí ló wá di ìṣòro. Ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn: ohun tó dára lọ́dún kìíní lè ní ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́dún kẹwàá. Wọ́n ti fi ọ̀nà ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀.

Ní 1981, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, Srinivasan, Wynne àti Blum, rí i pé irú ìmọ́lẹ̀ lésà kan lè gé ẹran ara láìjó o. Egungun tòlótòló tó ṣẹ́ kù níbi àsè ni wọ́n fi dán an wò. Ní 1995, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi lésà náà tún àìrí ọ̀ọ́kán ṣe. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lónìí. Nínú PRK, wọ́n ń ha awọ òkè kọ́níà kúrò, lésà á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ó máa ń dunni fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú LASIK, wọ́n ń ṣí awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á dà á padà. Ọjọ́ kejì lọ́pọ̀ èèyàn ti ń ríran. Nínú SMILE, lésà á gé ìpele tín-ín-rín kan nínú kọ́níà, wọ́n á fà á jáde láti ojú ihò kékeré.

Àmọ́ kì í ṣe ojú gbogbo ló bá a mu. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18 ó kéré tán, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti dúró lójú kan fún ọdún kan. Bí kọ́níà bá tín-ín-rín jù, tàbí tí kò dọ́gba, wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú á dúró ná. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ojú gbígbẹ wọ́pọ̀ fún oṣù mélòó kan, àwọn kan á sì máa rí òbìrìkìtì yí iná ká lóru. Ti àwọn díẹ̀ kì í lọ mọ́. NHS kì í sábà san owó iṣẹ́ yìí, àpò ara ẹni ló ti ń jáde. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìpolówó ẹ̀dínwó sáré mú yín. Ẹ béèrè ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ẹ sì lọ ro ó nílé.

Ohun méjì wà tí ó kan àwa gan-an. Àkọ́kọ́, ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán tó ti lé ní ogójì ọdún lè bọ́ awò rẹ̀, kó sì ka ojú ọpọ́n tàbí ìwé láìsí ìṣòro. Bó bá ti ṣe lésà, òkèèrè á mọ́ kedere, ṣùgbọ́n á nílò awò ìkàwé bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nítòsí, kó rò ó dáadáa. Ìkejì, àrùn gúlákóòmà, tí ń ti inú ojú fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láìdunni, ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ, ó sì tún ń mú àwọn tí kò rí ọ̀ọ́kán. Dókítà máa ń wọn ìfúnpá inú ojú láti fi wá a. Lẹ́yìn lésà, kọ́níà ti di tín-ín-rín, ìwọ̀n náà á máa fi ìfúnpá hàn bíi pé ó kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ṣe lésà gbọ́dọ̀ máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń yẹ ojú rẹ̀ wò, títí ọjọ́ alẹ́.

LẸ́ǸSÌ TÍ A Ń FI SÍNÚ OJÚ

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù fún lésà, tàbí tí kọ́níà rẹ̀ tín-ín-rín, lè gba lẹ́ǹsì kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín ọmọlójú àti lẹ́ǹsì tirẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú èyí ní 2005. Wọ́n lè yọ ọ́ bó bá yá. Ṣùgbọ́n inú ojú ni wọ́n ń wọ̀: ìfúnpá lè ga, lẹ́ǹsì àdánidá sì lè di funfun. Ó gba kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò déédéé.

EWÉ ŃKỌ́?

Àwa tí a mọ iyì ewé la gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ yìí fún ara wa. Ewé kò lè mú ojú tó gùn kúrú. Àwọn dókítà ojú ní Nàìjíríà ti kọ̀wé lọ́pọ̀ ìgbà nípa àwọn tí ojú wọn fọ́ nítorí omi ewé, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà tí wọ́n kán sí i. Ojú tí kò rí ọ̀ọ́kán ṣì ń ríran. Ojú tí kọ́níà rẹ̀ ti dá egbò lè má ríran mọ́. Ẹ má kán ohunkóhun sójú ọmọ yín bí kò ṣe ohun tí dókítà ojú fún yín, ẹni yòówù kó sọ pé kí ẹ kán an.

Bẹ́ẹ̀ náà ni eré ìdárayá ojú. Láti 1920, tí dókítà William Bates tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní New York, ni àwọn èèyàn ti ń ta ẹ̀kọ́ yíyí ojú kiri. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń mú nọ́ńbà dínkù. Kí ojú sinmi nídìí ìwé dára, nítorí ara á tù ú. Ìyẹn kò wo máyópíà.

ÀMÌ EWU

A ti ní a ó sọ ìdí tí nọ́ńbà tó pọ̀ fi gba ìṣọ́ra. Bí ojú bá gùn, rẹ́tínà á nà bí aṣọ tó fún jù. Ó lè ya. Lésà àti kọ́ńtáàtì kò yí ìyẹn padà, nítorí iwájú ojú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn sì wà bó ṣe wà. Bí ẹ bá ṣàdédé rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, tàbí ọ̀pọ̀ èérí dúdú tó ń fò kiri, tàbí bí ẹni pé wọ́n ń fa kọ́tìnnì bo ojú kan, ẹ má sùn lé e lórí. Ilé ìwòsàn ojú ni kí ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá tètè dé ibẹ̀, ojú náà lè má fọ́.

Ó YÁ, KÍ LA Ó ṢE?

Fún ọmọdé: àyẹ̀wò lọ́dọọdún, awò tó pé, eré ìta, kí ẹ sì béèrè nípa ohun tí ń dín gígùn ojú kù. Fún ọ̀dọ́: awò tàbí kọ́ńtáàtì; ẹ fi lésà sílẹ̀ títí nọ́ńbà yín yóò fi dúró. Fún àgbà: ẹ yan èyí tó bá iṣẹ́ àti àpò yín mu, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀yìn ojú àti ìfúnpá rẹ̀ wò.

Ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba awò. Sátidé àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ wá, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ó kọ gbogbo ohun tó wà lára pátákó. Nígbà tó parí, ó wo olùkọ́ rẹ̀ láti ọ̀hún, ó ní, "Bàbá, ṣé bí irùngbọ̀n yín ṣe funfun tó nìyí?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, nítorí ọdún kan tí a fi pè é ní ọ̀lẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ló fà á tí ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán fi lè rí ohun tó wà nítòsí?
2. Ẹnì kan ní −2.00. Ibo ni ìríran rẹ̀ tó mọ́ kedere parí sí?
3. Kí ló dé tí omi kò gbọ́dọ̀ kan kọ́ńtáàtì lẹ́ǹsì?
4. Ẹ dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà dín bí ojú ọmọdé ṣe ń gùn kù.
5. Ẹni tó ti ṣe lésà ṣì ní láti máa lọ fún àyẹ̀wò ojú. Kí nìdí?
6. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dúró síta pẹ̀lú àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n yín. Kí olúkúlùkù fi ọwọ́ bo ojú kan, kó ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó jìnnà díẹ̀, kó tún bo èkejì. Bí ẹnì kan kò bá rí i kà, ẹ lọ sọ fún òbí yín lọ́jọ́ náà.